Ásímà tí kò gba aspirin

Ásímà tí kò gba aspirin jẹ́ irú ásímà kan tí ó máa ń le sí i lójijì nígbà tí ẹni tí ó ní in bá lo aspirin tàbí àwọn oògùn ara ríro mìíràn tí iṣẹ́ wọn bá ti aspirin mu. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 3 lẹ́yìn tí oògùn náà bá wọ ara, imú aláìsàn yóò dí, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, àyà rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún títí tí mímí yóò fi ṣòro fún un. Ó lè yọrí sí ikú bí kò bá tètè rí ìtọ́jú. Àwọn oníṣègùn tún ń pè é ní àìsàn Samter tàbí àìsàn Widal, ní ìrántí àwọn dókítà méjì tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a fi ń dá a mọ̀: ásímà, ẹran tí ń hù nínú imú, àti ara tí kò gba aspirin.

Ásímà, tí Yorùbá tún ń pè ní ikọ́ sémìísémìí, kì í ṣe àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí a ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 13 ènìyàn ni ó ní in. Kì í ṣe gbogbo wọn ni aspirin ń ṣe ní ibi. Ìwádìí mìíràn tí ó kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ ní ọdún 2015 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tí ó ní ásímà, nǹkan bí 7 ni ara wọn kò gba aspirin. Láàárín àwọn tí ásímà wọn le gan-an, iye náà sún mọ́ 15.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Orúkọ àìsàn yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Aspirin kọ́ ni ó dá ásímà sílẹ̀ lára aláìsàn. Àìsàn náà ti wà nínú imú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ fi ẹnu kan aspirin rí. Ńṣe ni oògùn náà ń fẹ́ iná tí ó ti ń jó lábẹ́ eérú. Ìdí nìyí tí yíyẹra fún aspirin nìkan kò fi lè wo ásímà náà sàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba ẹ̀mí là.

Bákan náà, kì í ṣe álẹ́jì gan-an. Nínú álẹ́jì tòótọ́, irú èyí tí ẹ̀pà tàbí oró oyin ń fà, ètò ààbò ara máa ń ṣe èròjà kan tí a ń pè ní IgE, èyí tí ó ń dá ohun kan pàtó mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Nínú ásímà tí kò gba aspirin, ara kò kọ ìrísí aspirin. Iṣẹ́ tí aspirin ń ṣe ni ó ń kọ̀. Nítorí náà, oògùn mìíràn tí ìrísí rẹ̀ kò jọ ti aspirin rárá, bí ibuprofen tàbí diclofenac, lè fa wàhálà kan náà bí ó bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kókó yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún aláìsàn. Bí ó bá há orúkọ oògùn kan ṣoṣo sórí, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìdílé oògùn kan lódindi ni ó yẹ kí ó mọ̀.

Ìtàn

Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará Yúróòpù ti ń lo èèpo igi wílò fún ibà àti ara ríro. Ní ọdún 1897, Felix Hoffmann, onímọ̀ kẹ́místrì ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, ṣe acetylsalicylic acid tí ó mọ́ gaara, oògùn tí ó bá igi náà tan. Ní ọdún 1899 ni Bayer bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Aspirin. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé kì í ṣe gbogbo ara ni ó gbà á: ní ọdún 1902, ìròyìn ti jáde ní Jámánì nípa ẹni tí ara rẹ̀ wú lẹ́yìn tí ó lò ó.

Ní ọdún 1922, Fernand Widal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí ó ní ásímà àti ẹran imú, tí aspirin sì máa ń dí èémí rẹ̀. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń fún un ní ìwọ̀n kékeré, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀díẹ̀ bù kún un, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, kò sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1968, Max Samter àti Roland Beers ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó ní ohun mẹ́ta yìí pa pọ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ Samter ti lẹ̀ mọ́ àìsàn náà.

Ohun tí kò tíì yé àwọn oníṣègùn nígbà náà ni ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1971, John Vane ní Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọ̀nà tí aspirin ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí ara ṣe èròjà tí a ń pè ní prostaglandin. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí òun, pẹ̀lú Sune Bergström àti Bengt Samuelsson ti Sweden, gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1982. Ní ọdún 1975, Andrzej Szczeklik àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kraków, ní Poland, lo ìmọ̀ tuntun yìí láti ṣe àyẹ̀wò fún àwọn aláìsàn. Wọ́n rí i pé àwọn oògùn tí ó ń dá ṣíṣe prostaglandin dúró ni ó ń fún àyà wọn, àti pé àwọn oògùn ara ríro tí kì í dá a dúró kò fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí aspirin ń ṣe nínú ọ̀nà èémí

Ọ̀nà èémí bẹ̀rẹ̀ láti ihò imú, ó gba ọ̀fun kọjá, ó sì pín sí ẹ̀ka ńláńlá àti kéékèèké nínú ẹ̀dọ̀fóró, bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò. Iṣan yí àwọn ẹ̀ka náà ká, awọ tútù sì tẹ́ inú wọn. Lára ẹni tí ó ní ásímà, awọ inú yìí máa ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, iṣan tí ó yí i ká sì máa ń yára fún pọ̀. Bí ihò náà bá ti dín kù, afẹ́fẹ́ yóò máa dún bí fèrè bí ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Nínú awọ ara sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá kan wà tí a ń pè ní arachidonic acid. Nígbà tí ohun kan bá da ara láàmú, ọ̀rá yìí máa ń gba ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà kìíní, ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ COX-1 yóò sọ ọ́ di prostaglandin. Ní ọ̀nà kejì, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí ń jẹ́ 5-lipoxygenase yóò sọ ọ́ di leukotriene. Leukotriene ni ó máa ń fún iṣan ọ̀nà èémí pọ̀, tí ó ń mú inú rẹ̀ wú, tí ó sì ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i. Prostaglandin kò rí bákan náà gbogbo. Ọ̀kan nínú wọn, prostaglandin E2, máa ń ká leukotriene lọ́wọ́ kò bí ìjánu ṣe ń ká ẹṣin lọ́wọ́ kò.

Lára ẹni tí ó ní àìsàn yìí, ìjánu náà kò lágbára tó tẹ́lẹ̀. Leukotriene ti pọ̀ nínú ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kódà ní ọjọ́ tí kò lo oògùn kankan. Nígbà tí aspirin bá dí COX-1 lọ́wọ́, ìwọ̀nba prostaglandin E2 tí ó ṣẹ́ kù yóò tún dín kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n kún inú awọ ọ̀nà èémí, àwọn tí a ń pè ní mast àti eosinophil, yóò wá tú leukotriene, histamine àti àwọn èròjà mìíràn jáde lọ́pọ̀ yanturu. Imú yóò dí, omi yóò máa dà lójú àti nímú, àyà yóò sì fún. Lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, COX-1 kan náà ni aspirin ń dí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjánu mìíràn ṣì wà fún un. Orí fífọ́ rẹ̀ yóò lọ, èémí rẹ̀ kò sì ní yí padà.

Ìwọ̀n tí ó lè fa gbogbo èyí kò pọ̀. Nínú àyẹ̀wò tí a ń ṣe ní ilé-ìwòsàn, ìwọ̀n aspirin tí ó wà láàárín 30 mg àti 100 mg ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà lára àwọn aláìsàn. Hóró aspirin kan tí àgbàlagbà ń lò fún orí fífọ́ sábà máa ń jẹ́ 300 mg. Kódà hóró kékeré 75 mg tí a ń fún àwọn tí ó ní àìsàn ọkàn lè tó láti dí èémí.

Bí àìsàn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní in ni àmì rẹ̀ kọ́kọ́ hàn lára wọn nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 30 sí 40, ó sì pọ̀ díẹ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń rí ni ọ̀fìnkìn tí kò lọ. Imú yóò dí fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì ní gbọ́ oògùn. Lẹ́yìn náà, ẹran rírọ̀ tí ó ń dán bí èso àjàrà tí a bó lè hù nínú imú. Aláìsàn lè má gbóòórùn ọbẹ̀ tí ó ń jóná mọ́. Bí dókítà bá tilẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ yọ ẹran náà, ó sábà máa ń padà hù. Ásímà yóò wá tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti máa lo aspirin tàbí ibuprofen láti kékeré láìsí ìṣòro. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Oògùn tí ó ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ kò lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò fura sí ní ọjọ́ tí èémí rẹ̀ bá ṣàdédé há. Ọtí pẹ̀lú lè dá wàhálà sílẹ̀: ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó ní àìsàn yìí tí imú wọn máa ń dí tàbí tí àyà wọn máa ń fún lẹ́yìn ọtí díẹ̀.

Àwọn oògùn tí ọ̀rọ̀ kàn

Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí COX-1 lọ́wọ́, wọ́n sì léwu fún ẹni tí ó ní àìsàn náà:

• aspirin, tí a tún ń kọ sára páálí oògùn gẹ́gẹ́ bí acetylsalicylic acid;
• ibuprofen, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò fún inú rírun nígbà nǹkan oṣù;
• diclofenac, tí a ń lò fún ẹ̀yìn ríro àti oríkèé ríro;
• piroxicam, naproxen, indomethacin, ketorolac àti mefenamic acid.

Ọ̀nà tí oògùn gbà wọ ara kò mú ewu náà kúrò. Abẹ́rẹ́ diclofenac tàbí ketorolac lè yára ṣe ibi ju hóró rẹ̀ lọ, oògùn irú rẹ̀ tí a ń kán sí ojú sì ti dí èémí àwọn aláìsàn kan rí.

Paracetamol kì í fi bẹ́ẹ̀ dí COX-1 lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn ni ara wọn gba 500 mg rẹ̀, ṣùgbọ́n 1,000 mg lẹ́ẹ̀kan náà lè fún àyà àwọn díẹ̀ nínú wọn. Celecoxib, tí ẹ́ńsáìmù COX-2 nìkan ni ó ń dojú kọ, sábà máa ń bá ara wọn mu pẹ̀lú. Síbẹ̀, abẹ́ ojú dókítà ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó.

Aspirin ní ilẹ̀ Yorùbá

Ó ti lé ní 100 ọdún tí aspirin ti wọ ilé àwọn Yorùbá. Ìyẹ̀fun Alabukun ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é ní ọdún 1918. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni acetylsalicylic acid, èyí tí í ṣe aspirin, àti caffeine. Ìrísí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ti mọ àgúnmu, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì kájú ẹ̀fọ́rí àti ara ríro. Ó tàn kọjá Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a sì ń tà á títí di òní.

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, kò sí ewu tí ó kan èémí nínú rẹ̀. Ìṣòro ti ẹni tí ó ní ásímà ni orúkọ. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ lo aspirin lè ra ìyẹ̀fun tí a kò kọ aspirin gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kí ó sì rò pé nǹkan mìíràn ni òun rà. Bí a bá kọ acetylsalicylic acid ní lẹ́tà kékeré sí ẹ̀yìn páálí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé orúkọ méjì tí oògùn kan ń jẹ́ ni.

Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Òǹdó

Òpópónà Arákalẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òpópónà tí okòwò ti ń lọ ní pẹrẹu ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Òǹdó, ilé ìtajà oògùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní kẹ́míìsì sábà máa ń sún mọ́ ará ìlú ju ilé-ìwòsàn lọ. Ẹni tí ó ti ru ẹrù tàbí tí ó ti dúró sídìí ọjà látàárọ̀ yóò yà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti ra oògùn ara ríro. Nígbà mìíràn, olùtajà yóò bu hóró oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sínú ọ̀rá kékeré kan, yóò sì ní kí oníbàárà lò wọ́n pa pọ̀. Kò sí orúkọ lára hóró wọ̀nyí mọ́. Bí diclofenac tàbí piroxicam bá wà nínú wọn, aláìsàn kò ní mọ̀; bí èémí rẹ̀ bá sì há lóru, dókítà tí ó gbà á sílẹ̀ kò ní rí orúkọ kankan kà.

Òfin kò fàyè gba àṣà yìí. Àjọ tí ń rí sí ìpoògùn ní Nàìjíríà ni ó ń fún àwọn oníkẹ́míìsì ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ náà gbà wọ́n láyè láti ta ìwọ̀nba oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí tí ilé-iṣẹ́ fi dì í. Kò gbà wọ́n láyè láti gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́.

Àkókò ọyẹ́ tún máa ń mú kí ọ̀ràn náà rújú. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti ìhà àríwá máa ń da àwọn tí ó ní ásímà láàmú, ó sì tún máa ń mú ọ̀fìnkìn àti ẹ̀fọ́rí wá. Aláìsàn yóò lo oògùn ẹ̀fọ́rí, èémí rẹ̀ yóò há lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, yóò sì di ẹ̀bi náà ru ọyẹ́. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Nítorí pé àlàfo wà láàárín ìgbà tí a lo oògùn àti ìgbà tí àyà fún, ó rọrùn kí a má so méjèèjì pọ̀. Ohun tí ó sì ń tẹ̀yìn èyí yọ ni pé aláìsàn yóò tún lo oògùn kan náà ní ọjọ́ mìíràn.

Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ẹ̀ka ní ìlú Òǹdó àti ní Àkúrẹ́, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fura sí àìsàn yìí lọ.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti awọ ara tí ó lè fi ìdí àìsàn yìí múlẹ̀. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń gbára lé ni ìtàn tí aláìsàn bá sọ: oògùn wo ni ó lò, aago mélòó ni ó lò ó, kí ni ó ṣẹlẹ̀, ó sì tó ìgbà mélòó tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí oògùn tí ó fà á sì ju oríṣi kan lọ, tí aláìsàn sì ní ẹran imú, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dókítà lójú.

Bí iyèméjì bá wà, a lè fún aláìsàn ní aspirin díẹ̀díẹ̀ nínú ilé-ìwòsàn, bẹ̀rẹ̀ láti 20 mg sí 40 mg, kí a sì máa fi ẹ̀rọ wọn iye afẹ́fẹ́ tí ó lè fẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1. Bí iye náà bá fi ìdá 20 nínú 100 dín kù, a ti rí ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán àyẹ̀wò yìí wò nílé, nítorí pé oògùn àti ẹ̀rọ tí a fi ń gba ẹ̀mí là gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ásímà yòókù. Oògùn steroid tí a ń fi ínhélà fà símú ẹ̀dọ̀fóró ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ń dín wíwú inú ọ̀nà èémí kù. A tún ń fún steroid sínú imú nítorí ẹran imú. Montelukast, oògùn tí kì í jẹ́ kí leukotriene rí iṣẹ́ ṣe, wúlò fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Bí ẹran bá dí imú pátápátá, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò ká wọn lára, abẹ́rẹ́ tuntun bí dupilumab ti ń dín ẹran imú kù.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó ya ènìyàn lẹ́nu: a lè kọ́ ara láti gba aspirin. Lábẹ́ ìṣọ́ dókítà, a óò máa fi díẹ̀díẹ̀ bù kún ìwọ̀n tí aláìsàn ń lò títí ara yóò fi dẹ́kun kíkọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà yóò máa lò ó lójoojúmọ́. Ó ń jẹ́ kí ẹran imú pẹ́ kí ó tó padà hù, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tí àìsàn ọkàn mú kí aspirin pọn dandan fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa á jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ara yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́, ìdáwọ́lé náà yóò sì di ọ̀tun.

Owó ínhélà jẹ́ ìṣòro ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ó ń kó ínhélà Ventolin wọlé, kéde pé òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní orílẹ̀-èdè náà. Owó àwọn ínhélà sì fò sókè. Ẹni tí kò rí ínhélà rà kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aspirin bá ṣèèṣì wọ ara rẹ̀, nítorí náà ìdènà tún wá ṣe pàtàkì sí i fún un.

Bí èémí bá há lẹ́yìn oògùn

Kí aláìsàn jókòó kí ó nàró, kí ó má sùn sílẹ̀. Kí ó lo ínhélà salbutamol rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti kọ́ ọ. Kí ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìdúró wò ó bóyá yóò rọlẹ̀, pàápàá bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú. Kí wọ́n mú páálí tàbí ọ̀rá oògùn tí ó lò dání. Omi tútù, epo pupa tàbí àgbo kò lè ṣí ọ̀nà èémí tí ó ti fún.

Ìdènà

Ẹni tí ó ní ásímà, tí ó sì ti lo aspirin tàbí ibuprofen láìpẹ́ yìí láìsí ìṣòro, kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù wọn. Ẹni tí dókítà fún ní aspirin fún ọkàn tàbí nínú oyún kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n yẹra fún ìdílé oògùn yìí títí dókítà yóò fi yẹ̀ wọ́n wò ni ẹni tí èémí rẹ̀ ti há rí lẹ́yìn oògùn ara ríro, ẹni tí ó ní ásímà pẹ̀lú ẹran imú, àti ẹni tí ásímà rẹ̀ le tí imú rẹ̀ sì máa ń dí nígbà gbogbo.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ó yẹ kí ó máa sọ níwájú gbogbo ẹni tí yóò bá fún un ní oògùn, ìbáà jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn tàbí oníkẹ́míìsì: «Mo ní ásímà, ara mi kò gba aspirin, ẹ má fún mi ní ibuprofen tàbí diclofenac, ẹ má sì gún mi ní abẹ́rẹ́ irú wọn.» Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwòsàn rẹ̀ àti sínú fóònù rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Kí ó má gba hóró oògùn tí kò sí nínú páálí. Lára páálí, kí ó ka ohun tí a fi ṣe oògùn náà kí ó tó ka orúkọ tí wọ́n fi ń tà á.